Ṣé Ìdánwò Yìí Ń Rẹ́ Àwọn Ọmọ Kan Jẹ Ni? Ìdáhùn sí Lẹ́tà Yín

Ẹ kú dédé ìwòyí o, ẹ̀yin èèyàn wa ní Ìlọrin, Ọ̀ffà, Òmù-Àrán àti gbogbo ilẹ̀ Ìgbómìnà. Lẹ́tà mẹ́ta ló wà níwájú mi lọ́sẹ̀ yìí, ohun kan náà sì ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń béèrè bó tiẹ̀ jẹ́ pé wọn ò mọra wọn: báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀ pé òṣùwọ̀n kan ò wọn gbogbo èèyàn bákan náà. Ti àkọ́kọ́ ni mo máa pẹ́ lórí ẹ̀ jù.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní sẹ́ńtà lẹ́ẹ̀sìn kékeré kan ní Tanke, a ń múra àwọn ọmọ sílẹ̀ fún JAMB. Tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé la máa ń ṣe mock fún wọn, ìbéèrè 60, àwọn tó bá ṣe dáadáa á lọ kíláàsì A, àwọn yòókù á lọ B. Bàbá kan láti Òkè-Odè wá bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, inú ń bí wọn gan-an, wọ́n ní mock wa ń ṣojúsàájú, pé ọmọ àwọn kọ́ ló yẹ kó wà ní B. Mo padà lọ wo ìwé, mo rí i pé àwọn ọmọ tó ti Òkè-Odè, Ọ̀rọ̀-Àgọ́ àtàwọn ìlú kéékèèké bẹ́ẹ̀ wá, áfírẹ́ẹ̀jì wọn jẹ́ 28, tàwọn ọmọ ìgboro Ìlọrin jẹ́ 37. Ìwé ọdún mẹ́rin wà lọ́wọ́ mi, mock kálukú àti ohun tó gbà ní JAMB. Ṣé òótọ́ ni bàbá yẹn ń sọ? Báwo ni mo ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò? — Olùkọ́ obìnrin kan, Tanke

ÌDÁHÙN: Àǹtí, ẹ kú làálàá àwọn ọmọ. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ padà lọ wo ìwé, torí ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé ṣe ni wọ́n á bá bàbá yẹn jà, tọ́rọ̀ á sì parí síbẹ̀.

Ìyàtọ̀ 28 sí 37 yẹn nìkan ò tíì sọ nǹkan kan fún wa o. Kò sọ pé mock yín ń ṣojúsàájú, kò sì sọ pé kì í ṣe. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Ọjà Ìpàtà. Ìyá méjì ra ìrẹsì, ìrẹsì ọ̀kan pọ̀ ju tèkejì lọ nínú àpò. Ó lè jẹ́ pé owó tí wọ́n mú wá ò dọ́gba, ó sì lè jẹ́ pé kóńgò tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n fún ọ̀kan, ìdí ẹ̀ ti tẹ̀ wọnú. Ẹ lè wo àpò méjèèjì títí ilẹ̀ á fi ṣú, ẹ ò ní mọ èwo ni. Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe ni pé kẹ́ ẹ mú ìrẹsì kan náà, ẹ dà á sínú kóńgò kìíní, ẹ tún dà á sínú èkejì, kẹ́ ẹ wo ibi tó dé. Nínú ọ̀rọ̀ tiwa, ìrẹsì kan náà yẹn ni ọmọ méjì tí òye wọn dọ́gba, ọ̀kan láti ìgboro, ọ̀kan láti Òkè-Odè. Tí ìdánwò bá fún wọn ní máàkì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nígbà tí òye wọn dọ́gba, a jẹ́ pé kóńgò ti tẹ̀ nìyẹn. Gbogbo ìṣirò tí mo fẹ́ sọ yìí, ọgbọ́n àtirí àwọn ọmọ tó dọ́gba ni.

Ọ̀rọ̀ méjì ló sì wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ ò gbọ́dọ̀ lọ́ pọ̀ mọ́ra wọn. Àkọ́kọ́, ṣé mock ń wọn òye agbo méjèèjì bákan náà? Èkejì, tẹ́ ẹ bá fi mock sọ tẹ́lẹ̀ pé báyìí lọmọ yìí máa gbà ní JAMB, ṣé bó ṣe ń ṣẹ fún agbo kan náà ló ń ṣẹ fún èkejì? Ẹni tó bá dáhùn ọ̀kan sábà máa ń rò pé òun ti dáhùn méjèèjì, bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, torí ibẹ̀ lọwọ́ yín ti lè tún nǹkan ṣe. Ọ̀nà tí èmi fẹ́ràn jù ni èyí tí wọ́n ń pè ní Mantel-Haenszel. Nathan Mantel àti William Haenszel ló gbé e jáde ní 1959, ìwádìí àìsàn ni wọ́n sì ṣe é fún, kò kan ìdánwò rárá, 1988 ni Paul Holland àti Dorothy Thayer, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ETS, iléeṣẹ́ ìdánwò ńlá kan ní Amẹ́ríkà, wá gbé e wọnú ọ̀rọ̀ ìdánwò. Bó ṣe ń lọ rèé. Ẹ pín àwọn ọmọ nípa àpapọ̀ máàkì wọn, àwọn tó gba 25 sí 29 sápá kan, 30 sí 34 sápá kan, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wá mú ìbéèrè kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ ka iye àwọn tó gbà á àti iye àwọn tó ṣì í lápá kọ̀ọ̀kan, agbo kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ká ní nínú àwọn tó gba 30 sí 34, ọmọ ìgboro jẹ́ 30, 24 gbà á, 6 ṣì í, ọmọ ìlú kéékèèké jẹ́ 20, 8 gbà á, 12 ṣì í. Ẹ pín 24 sí 6, ó di 4. Ẹ pín 8 sí 12, ó di ìdá méjì nínú mẹ́ta. Tẹ́ ẹ bá wá fi èyí pín 4, 6 lẹ máa rí. Ẹ má gbàgbé pé àpapọ̀ máàkì àwọn ọmọ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba o, síbẹ̀ ìbéèrè yìí rọrùn fún agbo kan lọ́nà tí kò rọrùn fún èkejì. Mantel-Haenszel á wá kó èsì gbogbo àwọn apá yẹn pọ̀ di nọ́ńbà kan, apá tí ọmọ pọ̀ sí á sì lágbára ju èyí tọ́mọ ò pọ̀ sí lọ.

Tí nọ́ńbà yẹn bá wà nítòsí 1, ẹ fọkàn balẹ̀. ETS máa ń sọ ọ́ di lógárídímù (èyí tí wọ́n ń kọ ní ln), wọ́n á wá fi -2.35 sọ ọ́ dìlọ́po, nínú èsì tuntun yìí, èyí tó bá kéré sí 1, yálà sókè ni tàbí sísàlẹ̀, wọn ò kà á sí, èyí tó bá tó 1.5 sókè, tí sìtátísíìsì sì fi hàn pé ó ju 1 lọ lóòótọ́ tí kì í ṣe àkọsẹ̀bá, wọ́n á kọ C sí i lára, ìyẹn àmì àwọn ìbéèrè tó burú jù. Ẹni tí kò bá fẹ́ wàhálà lógárídímù, ààlà méjèèjì yẹn bọ́ sí nǹkan bí 1.53 àti 1.89 tó bá jẹ́ agbo ìgboro ló ń jàǹfààní, tó bá jẹ́ agbo kejì, ó bọ́ sí nǹkan bí 0.65 àti 0.53.

Nígbà tẹ́ ẹ bá wá rí àwọn ìbéèrè tó jáde, ẹ jókòó kẹ́ ẹ kà wọ́n, torí ìṣirò ò lè ka ìbéèrè fún yín. Ẹ lè rí ìbéèrè mátíìsì tó sọ pé àtẹ̀gùn oníná kan ń gbé èèyàn gòkè ní ibi ìtajà, mélòó ló máa gbé ní ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ọmọ Ọ̀rọ̀-Àgọ́ mọ ìlọ́po dáadáa, ṣùgbọ́n ó ti lo ìṣẹ́jú méjì níbi tó ti ń ro ohun tí àtẹ̀gùn tó ń rìn fúnra ẹ̀ lè jẹ́. Ẹ yí i sí iye ebè tí èèyàn mẹ́ta máa kọ lóòjọ́, ó lè wá jẹ́ pé ọmọ GRA ló máa dúró. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ẹ lè tún un kọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo èyí tó bá jáde lẹ máa jù nù. Bí ìbéèrè físíìsì lórí iná mànàmáná bá nira fún ọmọ tí iléèwé ẹ̀ ò ní láàbù, físíìsì gan-an ni wọn ò kọ́ ọ, ìbéèrè yẹn ò purọ́ mọ́ ọn. Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ kúrò, ṣe lẹ kàn bo àìdáa tí iléèwé ṣe fún un mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ nìkan lẹ lè ya méjèèjì sọ́tọ̀, ẹ pe ẹnìkan tó ti kọ́ni ní abúlé mọ́ra kẹ́ ẹ jọ kà á.

Nǹkan kan wà o. Àpapọ̀ máàkì tá a fi wá àwọn ọmọ tó dọ́gba yẹn, inú ìdánwò kan náà ló ti wá. Nítorí náà, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti rí àwọn ìbéèrè tó burú, ẹ yọ wọ́n, ẹ tún àpapọ̀ máàkì ṣírò, ẹ tún gbogbo ẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Tó bá wá jẹ́ pé gbogbo ìbéèrè 60 yẹn pátá ló tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sápá kan náà ńkọ́, bóyá torí Òyìnbó tẹ́ ẹ fi kọ gbogbo ẹ̀ le ju bó ṣe yẹ lọ? Mantel-Haenszel ò ní rí i láéláé. Kóńgò tó tẹ̀ lẹ fi ń yẹ kóńgò wò.

Ìdí nìyẹn tí mo fi dúpẹ́ pé máàkì JAMB wà lọ́wọ́ yín, torí ìta lòun ti wá. Ní 1968, Anne Cleary wo báwọn yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà ṣe ń fi máàkì SAT, ìdánwò àtiwọ yunifásítì níbẹ̀, sọ bí akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ funfun á ṣe ṣe sí nínú ẹ̀kọ́ wọn. Ohun tó sọ ò le: ẹ fa ìlà kan fún gbogbo wọn pọ̀, ìlà tó ń fi máàkì ìdánwò sọ ohun tí ọmọ máa gbà tó bá yá, tí ìlà yẹn bá ń sọ ohun tó kéré jù fún agbo kan nígbà gbogbo, tàbí ohun tó pọ̀ jù, ìdánwò yẹn ń ṣojúsàájú fún iṣẹ́ tẹ́ ẹ fi ń ṣe. Ẹ kó tiyín sínú Excel, mock lápá kan, JAMB lápá kan, agbo lápá kan (0 fún ìgboro, 1 fún ìlú kéékèèké), apá kẹrin ni mock tẹ́ ẹ fi agbo sọ dìlọ́po. Ẹ ṣe regression, ìyẹn ìṣirò tó ń fa irú ìlà bẹ́ẹ̀, JAMB ni ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ tẹ́lẹ̀. Nọ́ńbà tó bá jáde fún apá kẹrin á sọ fún yín bóyá ìlà méjèèjì, ti ìgboro àti ti ìlú kéékèèké, ò dagun bákan náà, ìyẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Tí wọ́n bá dagun bákan náà, ẹ yọ apá kẹrin yẹn kẹ́ ẹ tún un ṣe, nọ́ńbà ti agbo á wá sọ bóyá ìlà kan wà lókè èkejì. Ká ní ìlà gbogbo ẹgbẹ́ sọ pé ẹni tó gba 30 nínú mock máa gba 190 nínú 400, tó sì jẹ́ pé àwọn ọmọ ìlú kéékèèké tó gba 30 sábà ń gba 205, a jẹ́ pé bàbá yẹn jàre, mock ń fojú kéré wọn.

Ó lè jẹ́ òdìkejì lẹ máa rí o. Cleary fúnra ẹ̀, nínú yunifásítì mẹ́ta tó wò, kò rí ìyàtọ̀ gidi ní méjì, ní ẹ̀kẹta ìlà yẹn tiẹ̀ ń sọ ohun tó pọ̀ díẹ̀ ju èyí táwọn aláwọ̀ dúdú gbà lọ. Tẹ́ ẹ bá rí irú ẹ̀, ẹ má yára sọ pé mock ń ṣojú rere sí wọn. Kò sí ìdánwò tí oríire ò sí nínú ẹ̀, ọmọ kan á méfò, á bọ́ sí i, òmíì á ní ibà lọ́jọ́ náà. Ọmọ tó gba 45 nínú agbo tí áfírẹ́ẹ̀jì ẹ̀ jẹ́ 28, ó ṣeé ṣe kí oríire pọ̀ díẹ̀ nínú 45 ẹ̀ ju ti ọmọ tó gba 45 nínú agbo tí áfírẹ́ẹ̀jì ẹ̀ jẹ́ 37, ní JAMB àwọn méjèèjì á padà sápá áfírẹ́ẹ̀jì agbo wọn, ìlà méjì á sì jáde níbi tí kò ti sí ojúsàájú kankan. Láti 1971 ni Robert Linn àti Charles Werts ti kìlọ̀ ẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù nínú lẹ́tà yín ni kíláàsì A àti B. Ta ló ń kọ́ A? Tó bá jẹ́ olùkọ́ tó dáa jù lẹ fi sí A, ọmọ tí mock fi sí B ò rí ẹ̀kọ́ kan náà gbà, máàkì ẹ̀ ní JAMB á wá kéré, ẹ ó wá sọ pé mock sọ òótọ́. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kó ṣẹ! JAMB náà fúnra ẹ̀ sì ní tiẹ̀. Láti 2015 orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo èèyàn ti ń ṣe é, ọmọ tó jẹ́ pé ọjọ́ ìdánwò ló kọ́kọ́ fọwọ́ kan máòsì, kì í ṣe òye nìkan ni wọ́n wọ̀n níbẹ̀. Tí mock yín àti JAMB bá jọ ń rẹ́ ọmọ kan náà jẹ, regression á sọ pé àlàáfíà ni. Ẹ wo ti iye ọmọ náà. Tó bá jẹ́ ọmọ 35 péré ló ti ìlú kéékèèké wá láàárín ọdún mẹ́rin, tí kọ̀ǹpútà sì sọ pé ìyàtọ̀ ò "significant", ìyẹn pé ó lè jẹ́ àkọsẹ̀bá lásán, kò túmọ̀ sí pé ojúsàájú ò sí, ó lè jẹ́ pé ojú yín ò tíì tó o ni. Ẹ máa wo bí àlàfo tó yí nọ́ńbà náà ká ṣe fẹ̀ tó, tó bá lọ láti máàkì 5 nísàlẹ̀ òdo dé 30 lókè òdo, ẹ ò tíì mọ nǹkan kan.

Ṣé mock lè wá yege nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì, wíwọ̀n àti sísọ tẹ́lẹ̀? Roger Millsap fi ìṣirò hàn ní 1997 pé tí òye agbo méjì ò bá dọ́gba ní áfírẹ́ẹ̀jì, òṣùwọ̀n tó wọn àwọn méjèèjì bákan náà gẹ́lẹ́ ò ní lè sọ tẹ́lẹ̀ bákan náà gẹ́lẹ́ fún wọn, àfi níbi tó ṣọ̀wọ́n gan-an. Nítorí náà ẹ ní láti yan èyí tó jẹ yín lógún. Témi bá ni, wíwọ̀n ni mo máa kọ́kọ́ mú tọ́, torí sẹ́ńtà lẹ́ẹ̀sìn ni tiyín, ẹ ò gba ọmọ sí yunifásítì, ohun tẹ́ ẹ nílò ni láti mọ ibi tọ́mọ kù sí. Ẹ tú A àti B yẹn ká ní sáà tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí gbogbo wọn rí olùkọ́ kan náà, kẹ́ ẹ sì wá yẹ mock wò pẹ̀lú máàkì JAMB ọdún yẹn. Ìgbà yẹn ni nọ́ńbà yín máa ní ẹnu láti sọ̀rọ̀. Kẹ́ ẹ sì pe bàbá yẹn padà, wọ́n béèrè ohun tó tọ́.

ÌBÉÈRÈ: Nọ́ọ̀sì ni mí ní Òmù-Àrán. Mo gbọ́ pé ẹ̀rọ kékeré tá a fi ń há ìka aláìsàn láti mọ bí ọ́síjìn ṣe pọ̀ tó lára ẹ̀, kì í sọ òótọ́ fún aláwọ̀ dúdú. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

ÌDÁHÙN: Nọ́ọ̀sì wa, òótọ́ wà níbẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ni ẹ̀rọ yẹn ń rán gba ara kọjá, àwọ̀ ara sì lè da ohun tó ń kà rú. Ní 2020, Michael Sjoding àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ wo aláìsàn ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Michigan, wọ́n mú àwọn tí ẹ̀rọ sọ pé ọ́síjìn wọn wà láàárín 92 sí 96, wọ́n wá fi ẹ̀jẹ̀ inú iṣan wọn yẹ̀ ẹ́ wò. Nínú aláwọ̀ dúdú, 11.7 nínú 100 ló jẹ́ pé tiwọn ò tó 88 rárá, nínú aláwọ̀ funfun 3.6 ni. Ẹ rí i pé ohun tí mo sọ fún olùkọ́ Tanke náà ni wọ́n ṣe, wọn ò wo áfírẹ́ẹ̀jì agbo, wọ́n mú àwọn tí ẹ̀rọ pè ní bákan náà, wọ́n wá fi nǹkan tó dájú ju ẹ̀rọ lọ yẹ̀ wọ́n wò. Ẹ má ju ẹ̀rọ yín nù o, ó ṣì wúlò, pàápàá tẹ́ ẹ bá ń wò ó bóyá ó ń lọ sílẹ̀ sí ti àárọ̀. Ṣùgbọ́n tí aláìsàn bá ń mí gúlegúle tí ẹ̀rọ ń sọ 94, aláìsàn ni kẹ́ ẹ gbọ́ tiẹ̀, ẹ pe dókítà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni mí ní Ọ̀ffà. A ra áàpù kan tó ń sọ ẹni tó máa san owó padà àti ẹni tí kò ní san. Àwọn ọlọ́kadà inú ẹgbẹ́ ń bínú, wọ́n ní áàpù ń pe ọmọlúàbí wọn ní onígbèsè ju àwọn ìyá ọlọ́jà Ọwọ́dé lọ. Àwọn tó ṣe áàpù ní irọ́ ni, pé nínú gbogbo 100 tí àwọn bá ní kò ní san, 75 ni kì í san lóòótọ́, yálà ọlọ́kadà ni tàbí ọlọ́jà. Ta ló ń purọ́?

ÌDÁHÙN: Akọ̀wé, kò sẹ́ni tó ń purọ́ níbẹ̀. Ẹ mú bébà. Ká ní nígbà tẹ́ ẹ ṣì ń yá gbogbo èèyàn, ọlọ́kadà 100 yá owó, 50 ò san. Ìyá ọlọ́jà 100 yá, 20 ò san. Áàpù yín rí ìdá 60 nínú 100 àwọn tí kò ní san mú, lápá méjèèjì. Nínú ọlọ́kadà ìyẹn jẹ́ 30, bí 75 nínú 100 bá sì máa tọ̀nà, a jẹ́ pé 40 ló pè ní onígbèsè, 10 nínú wọn jẹ́ ẹni tó máa san. 10 nínú àwọn 50 tó ń san, ìyẹn 20 nínú 100. Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn ìyá: ó rí 12 mú, 16 ló pè, 4 ló ṣì pè nínú àwọn 80 tó ń san, ìyẹn 5 nínú 100. Áàpù ṣe bákan náà fún wọn lọ́nà méjì, síbẹ̀ ọlọ́kadà tó jẹ́ ọmọlúàbí jìyà ìlọ́po mẹ́rin ìyá tó jẹ́ ọmọlúàbí.

Ìjà yìí gan-an ló ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2016 lórí COMPAS, ètò kọ̀ǹpútà tó ń sọ fún adájọ́ bóyá ẹni tí wọ́n mú máa tún ẹ̀ṣẹ̀ dá. Àwọn oníròyìn ProPublica yẹ̀ ẹ́ wò ní Broward County, ní Florida, wọ́n rí i pé nínú aláwọ̀ dúdú tí kò tún ẹ̀ṣẹ̀ dá, 44.9 nínú 100 ni COMPAS ti pè ní eléwu, nínú aláwọ̀ funfun 23.5 ni. Northpointe tó ni COMPAS dáhùn bí àwọn tó ta áàpù fún yín ṣe dáhùn. Jon Kleinberg, Sendhil Mullainathan àti Manish Raghavan, àti Alexandra Chouldechova lọ́tọ̀, wá fi ìṣirò hàn pé níbi tí agbo méjì ò bá ti jẹ gbèsè bákan náà, tí áàpù ò sì mọ gbogbo nǹkan, kò sí bó ṣe lè tẹ́ àwọn tó ń bínú àti àwọn tó ṣe é lọ́rùn pọ̀.

Kẹ́ ẹ tó wá gbà pé 50 àti 20 yẹn jẹ́ òótọ́, ẹ yẹ bẹ́ ẹ ṣe ń ka gbèsè wò. Ní ti COMPAS, ẹni tí ọlọ́pàá tún mú ni wọ́n kà, ẹni tí wọn ò mú ò sí nínú ìwé. Tó bá jẹ́ pé ní ìpàdé ọjà làwọn ìyá ti ń san, tí ọlọ́kadà ní láti wá sí ọ́fíìsì lágogo mẹ́wàá àárọ̀ tí iṣẹ́ ẹ̀ le jù, ẹni tó pẹ́ ọjọ́ mẹ́ta lẹ kọ gbèsè sí lórúkọ, a jẹ́ pé ibi tẹ́ ẹ ti ń kọ̀wé ni ojúsàájú ti wọlé, áàpù kàn kọ́ ọ lọ́dọ̀ yín ni.

Láti ìgbà tẹ́ ẹ ti ń lo áàpù náà, ẹni tẹ́ ẹ bá lé padà, ẹ ò lè mọ̀ láé bóyá ì bá san. Ẹ mú àwọn tí áàpù fi díẹ̀ kọ̀ sílẹ̀, ọlọ́kadà àti ìyá ọlọ́jà, ẹ kọ orúkọ wọn sí bébà, ẹ ká a, kí ọmọdé kan yọ díẹ̀ nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ yá wọn ní owó kékeré tí ò ní pa ẹgbẹ́ lára, kẹ́ ẹ sì kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ kó ìwé náà ránṣẹ́ sí mi, a jọ máa ṣírò ẹ̀.